Wọ́n Pè Mí Ní Dókítà, Mo sì Dáhùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ó ṣeé ṣe kí n má sí láyé mọ́ nígbà tó bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ó sì ṣeé ṣe kí n ṣì wà níbí, kí n máa jẹ ẹ̀wà ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí n máa gbọ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń dún lójú ọ̀nà. Adájọ́ ti ní kí wọ́n yẹgi fún mi. Ẹni tí wọ́n bá dá irú ẹjọ́ yìí fún, wọn kì í sọ ọjọ́ fún un. Ilẹ̀ á mọ́, wọn ò ní pè é. Ilẹ̀ á tún mọ́, wọn ò tíì pè é. Mo ti ń ṣìpẹ̀ fún ara mi. Ẹ̀rù kì í fi bẹ́ẹ̀ bà mí mọ́, ìtìjú ló kù.

Èèyàn ni mo pa. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bò yín lójú. Obìnrin tó pè mí ní àbúrò, tó fẹ́ ire fún mi, òun ni mo pa, lọ́sàn-án gangan, nínú yàrá tí mo kọ “Dókítà” sí lára ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí ní ohun tí n kò jẹ́, tí mo rẹ́rìn-ín tí mo sì dákẹ́, ọjọ́ náà gan-an ló bẹ̀rẹ̀.

Ará Ìyìn-Èkìtì ni mí. Bàbá mi kú kí n tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Oko iṣu ni ìyá mi fi tọ́ mi. Ó wù ú kí n di dókítà. Ta ni kò wù ní Èkìtì? Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọ kò bá di dókítà, kó yáa di prófẹ́sọ̀. Bí kò bá di ìkankan, wọ́n á ní kó wo ọmọ ilé kejì. Ìwé tèmi kò gbé mi dé yunifásítì. Mo jókòó ṣe ìdánwò náà títí ó fi sú èmi fúnra mi. Nígbà tó yá, ìyá mi fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn kan l'Ádó, sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe ìgbànú ẹ̀yìn fún ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, àti ìdè tí wọ́n fi ń gbé orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ró. Ó ní kí ọ̀gá ibẹ̀ kọ́ mi níṣẹ́.

Iṣẹ́ náà bá ọwọ́ mi mu. A máa ń ki ike pẹlẹbẹ bọ inú omi gbígbóná títí á fi rọ̀ bí awọ, a ó wá fi lé ẹsẹ̀ aláìsàn, a ó dì í mú títí á fi tutù, tí á sì gba ìrísí ẹsẹ̀ náà. Ìdè àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe, ìyá mi ni mo ṣe é fún, nítorí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún tí iṣẹ́ oko ti bà jẹ́. Ó wọ̀ ọ́ lọ sóko, ó bọ̀, ó ní, “Ha! Ọmọ mi, ẹsẹ̀ yìí gbé mi dé ulé láìbá mi jà.” Ìyá mi kò fi ahọ́n Ìyìn sílẹ̀ rí. Ulé ni ilé, uṣẹ́ ni iṣẹ́, ẹni tí kò bá gbọ́ kó béèrè.

Lọ́jọ́ kan, kóòṣì kan mú ọmọbìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Tinúkẹ́ lorúkọ rẹ̀, eléré ìje ni, ọmọ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní àdúgbò Adébáyọ̀ l'Ádó. Orúnkún rẹ̀ máa ń yẹ̀ bó bá sáré. Tinúkẹ́ kì í dákẹ́, bó o ṣe ń wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ṣe ìdè orúnkún fún un, ó wọ̀ ọ́, ó sáré yípo ọgbà ilé ìwòsàn, ó padà dé pẹ̀lú òógùn lójú.

Ó ní, “Ẹ ṣé o, Dókítà!”

Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. “Dókítà kẹ̀! Dókítà onírọ́bà!”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń lọ sílé, mo pe ara mi bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀, wẹ́rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Ó dùn létí mi.

Láti ìgbà náà, kóòṣì ń ránṣẹ́ pè mí sí pápá ìṣeré. Eléré kan á wá pẹ̀lú ọrùn ẹsẹ̀, òmíràn á wá pẹ̀lú èjìká. Dókítà ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo rò pé eré ni, àpọ́nlé lásán. Ẹni tó bá ti mú bándéèjì dání nílẹ̀ wa, dókítà náà ni. Nígbà tó ṣe, wọ́n mú mi tẹ̀ lé wọn lọ sí ìdíje kan ní orílẹ̀-èdè tí kò jìnnà sí tiwa. Mo di ẹsẹ̀ wọn dáadáa, wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ, a ya fọ́tò, a bọ̀ wálé.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá ìyá mi jọ́sìn ní Ìyìn. Baba Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, dìde nígbà ìdúpẹ́, ó ní, “Ẹ bá wa yin Olúwa fún ọmọ wa, Dókítà, tó kó àwọn eléré wa lọ sókè òkun tó sì kó wọn bọ̀ láyọ̀.” Ìjọ hó yèè. Àwọn ìyá yí ìyá mi ká lẹ́yìn ìsìn, “Ìyá Dókítà, ẹ kú oríire o! Ìyá Dókítà, adé orí wa!” Ìyá mi dúró lábẹ́ igi máńgòrò iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wò mí. Ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó ń retí kí n sọ nǹkan kan. Mo rò pé ayọ̀ ló pọ̀ lójú rẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí a délé, mo purọ́ fún un. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ rántí ìgbà tí mo lọ ṣe ọ̀sẹ̀ díẹ̀ l'Ékòó? Ẹ̀kọ́ àfikún ni. Wọ́n ti fún wa lóyè níbẹ̀.” Ó ní, “Ó dáa, ọmọ mi.” Ó sì ń bá iṣu rẹ̀ lọ. Ẹ wo bí irọ́ ṣe rọrùn tó tí ẹni tí a ń pa á fún kò bá bi wá léèrè.

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Èmi bomi rin tèmi. Wọ́n fún ìyá mi ní ìjókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, mo gba yàrá kan ní Adébáyọ̀ nítòsí oríta, mo rán kóòtù funfun, mo gbé pátákó síta. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ibà tàbí inú rírun wá, mo máa ń gbójú, mo máa ń ní, “Egungun nìkan ni mò ń wò o, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.” Wọ́n á ní ẹ ò rí i, dókítà tó mọ ààyè rẹ̀! Mo tún ń gbayì sí i.

Ìdíje ńlá kan wá dé, èyí tí gbogbo ayé ń lọ. Dókítà tó yẹ kó bá ikọ̀ wa lọ, físà rẹ̀ kò jáde. Ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Dókítà, ẹ̀yin náà kọ́? Kí la tún ń wá kiri? Ẹ̀yin lẹ ó bójú tó wọn.”

Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún mi níbẹ̀ láti jáde. Kí n kàn ní, “Sà, èmi kì í ṣe dókítà.” Mo ní, “Kò sí wàhálà, sà.” Ẹni tó yẹ kó bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí rò pé ẹlòmíràn ti bi mí.

Ọjọ́ tí a ń lọ, bàbá Tinúkẹ́ wá sí pápá ìṣeré. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ méjèèjì, àgbàlagbà tó tó bí mi. “Dókítà, òun nìkan ni mo bí. Ọwọ́ yín ni mo fi í lé, lẹ́yìn Ọlọ́run.”

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, sà.”

Sístà Mónìkà bá wa lọ. Nọ́ọ̀sì ni, láti ilé ìwòsàn mìíràn, ọmọ ìjọ Àgùdà, ó ju mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì máa ń fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ sápò. Jẹ́jẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀. Òun kò mọ ibi tí mo ti wá. Dókítà ni wọ́n pè mí fún un, dókítà ló gbà.

Nínú bàálù, mo ní kí Tinúkẹ́ má bọ́ ìdè orúnkún rẹ̀. Mo tún fún un le sí i, mo ní kí orúnkún má baà mì. Ọ̀nà náà jìn. Ó sùn títí, kò dìde rìn. Mo rò pé mò ń tọ́jú orúnkún ni, mi ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń wá ọ̀nà kọjá.

Nígbà tí a dé ọ̀hún, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Tinúkẹ́ wá bá mi, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ yẹn. “Dókítà, ẹsẹ̀ mi wú. Ó ń gbóná, lẹ́yìn níbí, nísàlẹ̀ orúnkún.”

Sístà Mónìkà fọwọ́ kàn án. Ó fà mí sẹ́yìn díẹ̀. “Dókítà, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, ó gbóná, ó sì jókòó pẹ́ nínú bàálù. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá àwọn dókítà ìdíje. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn.”

Mo ń wo ibẹ̀ láti ibi tí mo dúró. Àgọ́ funfun, àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Bí mo bá gbé e débẹ̀, wọ́n á kí mi bí dókítà ṣe ń kí dókítà. Wọ́n á bi mí ní ohun tí mo rí, ohun tí mo rò, oògùn tí mo ti lò. Kí ni màá sọ? Gbogbo ikọ̀ á dúró yí mi ká. Ìròyìn á dé Adó kí n tó dé, á dé Ìyìn, á dé ìjókòó iwájú yẹn.

Mo ní, “Sístà, iṣan ló le. Èmi ni dókítà níbí.”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Títí di ọjọ́ náà, àwọn èèyàn ló ń pè mí, èmi kàn ń jẹ́ ni. Sístà Mónìkà wò mí, ó dákẹ́, nítorí nọ́ọ̀sì tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pa á lẹ́nu mọ́. Mo mú ìpara, mo fọwọ́ ra ẹsẹ̀ ọmọ náà dáadáa, mo tẹ̀ ẹ́, mo fún un. Tinúkẹ́ ń fa ojú ro, ó ní, “Dókítà, ó ń dùn mí o.” Mo ní, “Fara dà á. Ṣé o ò fẹ́ sáré ni?” Ohun tí kò yẹ kí ọwọ́ kàn rárá ni mo ń fi gbogbo agbára tẹ̀.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ń na ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kò tíì sáré kankan. Ó dúró. Ó yíjú sí mi. Ó ní, “Dókítà, mi ò rí èémí mú.” Ó jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, ó sì ṣubú. Àwọn dókítà ìdíje sáré dé, wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Tinúkẹ́ kò dìde mọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ṣí lọ dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

A gbé e wálé. Gbogbo ìlú ní Ọlọ́run ló mọ̀, àwámárìídìí ni. Mo lọ kí Tíṣà, bàbá Tinúkẹ́. Ó dìde fún mi, Olúwa ò, ó dìde fún mi! Ó ní, “Dókítà, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé ẹ ṣe gbogbo ohun tó yẹ.” Mo jókòó, mo mu omi tí wọ́n gbé fún mi, mo kí i kú ará fẹ́ra kù, mo lọ.

Irọ́ lè rìn fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ fi ń bá a. Ọ̀kan lára àwọn aláìsàn Sístà Mónìkà nílò ìdè ọrùn. Sístà lọ béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti kọ́ṣẹ́, ó sì dárúkọ mi fún ọ̀gá mi pé a jọ lọ sí ìdíje. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ní, “Dókítà onírọ́bà! Ọmọṣẹ́ mi ni, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Sístà wá sí yàrá mi ní Adébáyọ̀. Ó jókòó. Kò pariwo.

Ó ní, “Àbúrò mi, mi ò wá bá ọ jà. Ọ̀gá rẹ ti sọ fún mi. Dìde, jẹ́ ká lọ bá Tíṣà. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o sọ fún un. Èmi á dúró tì ọ́.”

Mo kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Nítorí ìyá mi ni. Lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìjọ fẹ́ fi wọ́n jẹ Ìyá Ìjọ. Nítorí orúkọ dókítà yìí ni ìjọ ṣe ń gbé oyè náà fún wọn. Ẹ jẹ́ kó kọjá.”

“Bó bá kọjá, wàá tún ní kí òmíràn kọjá. Ọmọ yẹn ti kú, àbúrò. Bó o bá ṣì ń jẹ́ dókítà, ẹlòmíràn á tún kú.”

“Ìtìjú á pa ìyá mi, mà!”

“Ìtìjú kì í pa ìyá tó bímọ.” Ó dìde. “Bí o kò bá ní lọ, èmi á lọ. Ó yá, wá.”

Ó kọ ẹ̀yìn sí mi láti mú báàgì rẹ̀. Bándéèjì tó ń fà bíi rọ́bà, èyí tí mo fi ń di orúnkún, wà lórí tábìlì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé nírú àkókò bẹ́ẹ̀ òun kò mọ ohun tí òun ń ṣe, ẹ má gbà á gbọ́. Mo mọ̀. Mo fi í yí i lọ́rùn, ọwọ́ mi sì mọ bí a ṣe ń fa bándéèjì kó le. Àyè wà fún mi láti tú u, mi ò tú u. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ látinú àpò rẹ̀, mo sì rántí pé mo ṣà á, mo gbé e sórí tábìlì, bí ẹni pé ó máa wá béèrè rẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìyìn. Aránṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ mi rí Sístà nígbà tó wọlé, kò rí i kó jáde, òun ló ké sí àwọn èèyàn. Ìyá mi ń gún iyán lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé. Èyí tó ṣáájú wọn bọ́ fìlà rẹ̀ fún ìyá mi, ó wá kọjú sí mi. “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ.” Títí dé inú ọkọ̀ wọn, Dókítà ni wọ́n ń pè mí.

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ti Tinúkẹ́ àti ti Sístà Mónìkà. Tíṣà jókòó ní ilé ẹjọ́ lójoojúmọ́. Nígbà tí adájọ́ dá ẹjọ́ tán, ó dìde, ó wò mí, ó jáde.

Ìyá mi wá wò mí lẹ́yìn ìdájọ́. Ó ń tiro. Wọ́n gbé àga fún un níwájú irin, ó jókòó, ó pe oríkì mi. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Mo ní, “Ìyá mi, ẹ forí jì mí. Mo tàn yín. Mi ò fi ìgbà kankan jẹ́ dókítà.”

Ó ní, “Mo mọ̀.”

Mo wò ó.

“Ta ló fà ọ́ lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ? Èmi kọ́? Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lo ṣe l'Ékòó. Ṣé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń di dókítà? Mi ò kàwé lóòótọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n mi ò gọ̀.”

“Ẹ mọ̀ láti ìgbà náà? Abẹ́ máńgòrò?”

“Mo dúró kó o sọ ọ́. Nígbà tí o kò sọ ọ́, mo rí i pé orúkọ náà dùn mọ́ ọ. Mo ní bí mo bá tú àṣírí náà, ojú á tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ. Mo bá gbé ẹnu mi dákẹ́. Ìjókòó iwájú yẹn, kò sí ọjọ́ tí ìdí mi gbà á dáadáa.”

Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Mo ní, “Ìyá mi, nítorí yín ni mo ṣe dákẹ́. Nítorí kí wọ́n má baà gba ìjókòó yẹn lọ́wọ́ yín ni mo ṣe pa èèyàn.”

Ó fa ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Ìdè orúnkún tí mo ṣe fún un nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti gbó, ó ti fi okùn so ó. Ó ní, “Uṣẹ́ rẹ rèé. Èyí gan-an ti tó mi, ọmọ mi. Ó ti tó mi tipẹ́.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tí ìlú ń fẹ́ kí ẹ jẹ́ nǹkan mìíràn, ẹ gbọ́ tèmi. Àwọn tó ń fi orúkọ ńlá pè yín kò ní ibi lọ́kàn. Àpọ́nlé ni. Ṣùgbọ́n àpọ́nlé tí kò tọ́ sí yín, gbèsè ni, ẹlòmíràn ló sì ń san án. Ẹ má sì rò pé àwọn tó fẹ́ràn yín kò lè fẹ́ràn yín bí ẹ ṣe jẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè. Èmi kò bi ìyá mi.

Lánàá, ẹlẹ́wọ̀n tó wà ní yàrá kejì na ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín irin tó pín yàrá wa. “Dókítà, ẹ bá mi wo orúnkún yìí, ó ń dùn mí.”

Mo ní, “Èmi kì í ṣe dókítà. Ìdè orúnkún ni mò ń ṣe.”

Ó ní, “Kò burú. Ẹ bá mi dì í nígbà náà.”

Mo ya etí aṣọ ìbora mi, mo dì í fún un, mi ò fà á le. Mo ní bó bá wú, kó pariwo pe dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ó dúpẹ́, ó lọ jókòó. Kò fojú kéré mi, ayé kò sì parẹ́. Gbólóhùn tí mo sá fún láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ pè mí ní dókítà, “Èmi kì í ṣe dókítà,” ẹ ò rí i pé kò gùn? Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ tètè sọ ọ́.